Ọjọ́ Méje Tí Àdùfẹ́ Fi Dákẹ́

Obìnrin tó ni ìtàn yìí kò bẹ̀ yín pé kí ẹ káàánú òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ òun dé ìparí kí ẹ tó dájọ́, torí ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé òun ló jàre.

Àdùfẹ́ Kọ̀yà lorúkọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Amukoko, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àga onírọ́bà mẹ́ta. Ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ti ń kọ fọ́ọ̀mù físà. Ìwé tí Àdùfẹ́ bá kọ kì í ní àṣìṣe. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù ládùúgbò yẹn ní àṣà kan. Wọn kì í lo ìméèlì tí oníbàárà ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣí tuntun fún un, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ á sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn títí físà á fi jáde. Wọ́n ní kí oníbàárà má baà lọ tẹ ohun tí kò yẹ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kó má baà gbé iṣẹ́ náà sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ẹni tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ Àdùfẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú Àdùfẹ́ kí ẹ tó rí ohun tó ṣe.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, Dáhùnsí ọkọ rẹ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adékànmí, ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ agbẹ́rùjáde ni Adékànmí ń ṣe ní pọ́ọ̀tù Àpápá, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Warehouse Road títí di òní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà já lu Dáhùnsí láyà. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò Adékànmí, wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí wọ́n san owó àsansílẹ̀ kí dókítà tó fọwọ́ kàn án.

Owó wà nínú báàgì Adékànmí. Àdùfẹ́, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá síbẹ̀, rí báàgì náà, ó rí owó náà nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ mú. Adékànmí ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni, pé ti oníbàárà ni, pé bí òun ò bá san án kí báńkì tó tì, ẹrù olówó yóò sùn sí pọ́ọ̀tù.

"Ẹ ní sùúrù," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Ó lọ. Nígbà tó fi padà dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi aṣọ bo Dáhùnsí lójú.

Adékànmí kò sọ ọ̀rọ̀ báàgì yẹn fún ẹnì kankan. Ohun tó sọ fún ẹbí, tó sọ fún ìjọ, tó sọ káàkiri Warehouse Road ni pé ìyàwó àbúrò òun mọ nǹkan nípa ikú àbúrò òun. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi ń pe Àdùfẹ́ ní apọkọ. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, òun àti Jọmílójú ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Bó bá fẹ́ sọ ti báàgì, wọ́n á ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. Nọ́ọ̀sì yẹn sì ti kúrò níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Adékànmí tó máa ń pè é ní "Ìyàwó" tẹ́lẹ̀ kò tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Obìnrin yìí" ló di orúkọ rẹ̀.

Àdùfẹ́ kó lọ sí Amukoko, ó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ru ìbínú náà bí ẹni ru ìkòkò omi gbígbóná. Kò jẹ́ kó dà sí ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí. Kì í gbàdúrà pé kí Adékànmí kú. Ohun tó ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni pé kí òun rí ọjọ́ tí Adékànmí máa nílò ohun kan, kí ohun náà sì wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ náà dé ní oṣù kẹjọ tó kọjá.

Ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Inúmidùn ni, àkọ́bí Adékànmí, tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Mọ́mì Jọmílójú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Àdùfẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó gùn tó ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlú Ọba ti gba òun wọlé, wọ́n sì ti yọ ìdajì owó ilé ìwé fún òun torí pé èsì ìdánwò òun dára. Ṣùgbọ́n ọdún yìí nìkan ni ẹ̀dínwó náà wà fún. Bí òun kò bá dé ibẹ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n á gbé àyè òun fún ẹlòmíràn, kò sì ní sí èkejì.

Àdùfẹ́ bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ mọ ibi tó wá.

"Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ní Amukoko ló ń bá mi kọ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Wọ́n ní ẹ kì í ṣàṣìṣe." Inúmidùn wo ilẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Àdùfẹ́ kò bi í.

Ó gba iṣẹ́ náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ kò ṣẹ òun, àti pé owó Adékànmí kò yàtọ̀ sí owó ẹlòmíràn. Ó ṣí ìméèlì tuntun, ó fi nọ́ńbà fóònù Inúmidùn sí i, ó kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù náà dé ibi tí wọ́n ti ń san owó ìlera. Ẹni tó bá ń lọ kàwé ọlọ́dún kan bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba, yàtọ̀ sí owó físà, ó gbọ́dọ̀ san owó tí yóò fi máa lo ilé ìwòsàn ìjọba wọn, kó sì ti san án pé kó tó kúrò nílé. Iye àkókò tí yóò lò níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Káàdì Adékànmí ni wọ́n fẹ́ fi san án, nítorí náà Inúmidùn pè é, ó sì jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta.

"Owó kí tún nìyẹn?"

"Owó ìlera ni, Dádì."

"Ìwọ tí o kì í ṣàìsàn?"

"Wọn ò béèrè ìyẹn, Dádì. Kéèyàn tó wọlé ni wọ́n ti ń gbà á."

"Ó dáa. Máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀."

Kò jiyàn, kò ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ń ka nọ́ńbà káàdì bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé. Ọwọ́ Àdùfẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin tí kò rówó ìwòsàn san fún àbúrò tó ń kú lọ ló ń san owó ìwòsàn fún ọmọ tí orí kò fọ́, lọ́nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Inú ìrora yẹn ló ti ṣe àṣìṣe tí kò ṣe rí. Ó kọ ọdún kan tí wọ́n fi ń kàwé náà nìkan. Ó gbàgbé pé Ìlú Ọba máa ń fi oṣù díẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí, owó ìlera sì máa ń ká oṣù wọ̀nyẹn mọ́ ọn. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbi tí òótọ́ wà: àṣìṣe náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Inúmidùn lọ tẹ̀ka, ó fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, létí ọ̀sán, ìwé wọ inú ìméèlì náà. Wọ́n ní owó ìlera tí Inúmidùn san kò pé, ó ku ti ìdajì ọdún. Wọ́n ní kó san èyí tó kù láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Bí kò bá san án, wọn kò ní fún un ní físà.

Ohun tí Àdùfẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé fóònù. Ó wá orúkọ Inúmidùn jáde. Ìka rẹ̀ ti wà lórí orúkọ náà kí ohùn kan tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn Adékànmí gan-an. Ẹ ní sùúrù. Mò ń bọ̀.

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ronú pé òun kò ní ṣe ibi kankan. Òun kò ní ya ìwé, òun kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kí òun ṣáà jókòó jẹ́ẹ́ ni. Àbí Adékànmí lu Dáhùnsí ni? Kò kúkú lù ú. Ńṣe ló kàn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Inúmidùn pè. Ó béèrè bóyá wọ́n ti rí nǹkan kan.

"Ní sùúrù, ọmọ mi," ni Àdùfẹ́ wí. "Àwọn òyìnbó kì í kánjú."

Ọ̀rọ̀ "ní sùúrù" yẹn dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ó dùn. Ó ní láti ọjọ́ tí Dáhùnsí ti kú, òun kò tíì jẹ ohun tó dùn tó o. Nígbà tí ọmọ náà tún pè lọ́jọ́ kẹta, ó tún sọ ọ́, ó sì rọra sọ ọ́ kó lè pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Onome, obìnrin ará Warri tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún márùn-ún, wá yá sísọ́ọ̀sì, ó sì dúró tó ń wò ó.

"Ìyá Jọmí, na lotto you win? Láti Mọ́ńdè lo ti ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ ọkọ lo rí níbẹ̀, abeg, bi í bóyá ó ní àbúrò."

Àdùfẹ́ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa ni.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, Inúmidùn fúnra rẹ̀ wá. Ó mú fọ́tò àtijọ́ kan lọ́wọ́ tí etí rẹ̀ ti ya. Dáhùnsí ló wà níbẹ̀, ó gbé Inúmidùn kékeré kọ́rùn ní ibi ìṣeré ọmọdé kan ní Àpápá, àwọn méjèèjì la ẹnu gbàgà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àdùfẹ́ bá òun mú un tóbi sí i, kó fi rọ́bà bò ó, òun fẹ́ gbé e dání lọ.

"Ẹ ṣe é ní méjì, Mọ́mì Jọmílójú. Ọ̀kan fún Jọmílójú. Kò lè rántí ojú Dádì ẹ̀."

Àdùfẹ́ kì fọ́tò náà sínú ẹ̀rọ. Bó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ lódìkejì, irun kọ́kọ́ jáde, ojú tẹ̀ lé e, ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà. Bó bá sọ ọ́ nígbà náà, wọ́n á san án, yóò tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ti jókòó lé e.

Inúmidùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí físà jáde ná. Mo fẹ́ jìnnà sílé kí n tó sọ ọ́."

Àdùfẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń ṣèlérí. Ó ní kó má ṣe ìyọnu. Ó fún un ní fọ́tò kan, ó fi ìkejì kọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá ti mọ́, òun á pè é.

Ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́. Yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti tán, ó sì ní láti lọ rà á ní Warehouse Road. Ó ní bí òun bá dé, òun á pè é.

Adékànmí ló kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Ó dúró sí òjìji tírélà kan níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníbàárà méjì. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí Àdùfẹ́ lè gbà. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, nítorí bí ìyàwó ilé ti ń kí ẹ̀gbọ́n ọkọ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì Inúmidùn."

Adékànmí yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀. 

"Ẹ wo obìnrin yìí dáadáa. Bó bá ní òun fẹ́ bá yín dọ́rẹ̀ẹ́, ẹ sá. Àbúrò mi ló jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀."

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè pé ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ lọ Ìlú Ọba ń kọ́. Adékànmí ní ó kù dẹ̀dẹ̀, pé òun ti san gbogbo owó rẹ̀, títí kan ti ilé ìwòsàn.

"Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ tèmi," ló wí, "ìyà ìwòsàn kò lè jẹ ẹ́."

Àdùfẹ́ ra yíǹkì rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà láàárín àwọn tírélà, kò mọ ìgbà tó dé Amukoko. Kò pe Inúmidùn. Kò pè é lọ́jọ́ Túsìdeè. Nígbà tí ọmọ náà pè, ó ní kó ní sùúrù.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ keje. Láti àárọ̀ ló ti gbé ìméèlì náà síwájú bí ẹni ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná. Ó gba oníbàárà mẹ́ta, ó ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún ọmọ kan, ó ń wo aago. Nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá, ó ju ìwé náà sí ààtàn ìméèlì. Ó wo fọ́tò Dáhùnsí lára ògiri.

"Mo ti gbà á fún ẹ," ló wí.

Dáhùnsí ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ọmọ tó gbé kọ́rùn náà ń rẹ́rìn-ín. Àdùfẹ́ sọ pé ojú ọkọ òun nìkan ni òun wò lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù Inúmidùn pé kó wá gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára lọ. Ohun tí wọ́n fún un ni pásípọ́ọ̀tù tí kò sí físà nínú rẹ̀ àti ìwé kan. Ìwé náà ní àwọn ti kọ̀wé sí i ní ọjọ́ báyìí nípa owó ìlera tí kò pé, àwọn kò sì rí ìdáhùn.

Ó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó ka á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sunkún, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí pèpéle kan níwájú ilé náà, ó ṣí ojú ewé ìméèlì lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ pé "mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù". Nọ́ńbà tirẹ̀ ni Àdùfẹ́ fi ṣí ìméèlì náà, nítorí náà òun ni wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí. Ìṣẹ́jú kan kò pé tó fi wọlé.

Ohun tí èèyàn bá jù sí ààtàn ìméèlì, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń lò níbẹ̀ kó tó parẹ́. Àdùfẹ́ máa ń kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé méjì wà níbẹ̀, ọkùnrin awakọ̀ tírélà kan ń dúró de ìwé rẹ̀, Onome jókòó lẹ́nu ọ̀nà ó ń rán etí aṣọ. Mọ́tò Adékànmí dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, Inúmidùn sọ̀kalẹ̀, alàgbà ìjọ wọn kan sì tẹ̀ lé wọn.

Adékànmí kò mọ ẹni tó máa bá níbẹ̀. Inúmidùn kò sọ fún un títí wọ́n fi dé. Nígbà tó rí Àdùfẹ́, ó dúró gbọin-in.

Alàgbà náà kí wọn, ó ní àwọn fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé Ìlú Ọba ṣe jẹ́. Àdùfẹ́ ní òun kò rí ìwé kankan. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Inúmidùn gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ kà á, Mọ́mì Jọmílójú. Ẹ kà á sókè."

Àdùfẹ́ wo fóònù náà. Kò kà á.

"Mọ́ńdè ló wọlé. Ẹ ṣí i, ẹ sì jù ú sí ààtàn. Mo pè yín lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí n ní sùúrù. Mo mú fọ́tò wá fún yín, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún ní kí n ní sùúrù." Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ibẹ̀ ni ìkòkò tí Àdùfẹ́ ti ń rù láti ọdún mẹ́jọ ti dà.  Adékànmí ló nàka sí, ó sì pè é ní ìwọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

"Ìwọ! Ìwọ Adékànmí, owó wà nínú báàgì rẹ lọ́jọ́ yẹn! Mo di ẹsẹ̀ rẹ mú. Owó ìwòsàn ni mo tọrọ, o ní kí n ní sùúrù. Ọkọ mi kú síbi tí mo ti ń ní sùúrù. Ó yá, ìwọ náà ní sùúrù!"

 Onome ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Alàgbà wo Adékànmí, ó bi í pé báàgì wo ni obìnrin yìí ń sọ.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ìbéèrè yẹn ì bá mú Adékànmí. Ọdún mẹ́jọ ni Àdùfẹ́ fi ń wá ẹni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n Adékànmí kò dá alàgbà lóhùn. Ó wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí èèyàn kú ọdún.

"Ìyàwó," ló wí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Ìyàwó, o ṣeun. Mo ti ń sọ ọ́ fún wọn tipẹ́, àwọn kan ò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí kò ṣẹ̀ ẹ́ o. Ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tó lè fi ẹ̀rín ṣe èyí fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bá mi bi ara yín léèrè ohun tó lè ṣe fún ọkọ."

Kò sẹ́ni tó béèrè báàgì mọ́.

Awakọ̀ tírélà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí Àdùfẹ́ jọ̀ọ́, kó fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù ìméèlì òun. Àwọn òbí méjèèjì náà béèrè tiwọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ti kọ fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn tí físà wọn ti jáde tipẹ́ tí ìdílé wọn ṣì wà nílé. Wọn kò bú u. Ẹnì kọ̀ọ̀kan na bébà síwájú rẹ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Onome wà lórí ìlà náà, torí pé Àdùfẹ́ ló ṣí ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kàn án, kò ṣàwàdà.

"Abeg, write am," ló wí. Kò pè é ní Ìyá Jọmí.

Kò pẹ́ tí Jọmílójú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "ọmọ apọkọ" ní ilé ìwé. Ní Amukoko, níbi tí ẹnì kankan kò ti pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìlú Ọba máa ń dá owó ìlera padà fún ẹni tí wọn kò bá fún ní físà. Orí káàdì tí wọ́n fi san án náà ni wọ́n dá a padà sí. Adékànmí gba gbogbo rẹ̀ pé. Alàgbà ló sọ fún Àdùfẹ́. Ó ní ọkùnrin náà fi díẹ̀ lára rẹ̀ ṣọpẹ́ ní ìjọ, pé ọ̀tá dìtẹ̀ ṣùgbọ́n ohun òun kò sọnù. Òótọ́ ló sọ. Ohun rẹ̀ kò sọnù. Àyè Inúmidùn ló sọnù, àti ìdajì owó ilé ìwé tí wọ́n ti yọ fún un.

Ní ọjọ́ tí oṣù kẹsàn-án parí, Inúmidùn wá nìkan. Kò kúnlẹ̀. Àdùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ti fẹ́ wólẹ̀ kí ọmọ náà tó gbá a lápá mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀. Nǹkan tí mo ní mo fẹ́ bá yín sọ ni mo wá sọ. Mo wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bùrọ̀dá Dáhùnsí lọ sílé ìwòsàn. Mo ń lọ síléèwé, Dádì fẹ́ já mi sílẹ̀. Mo rí báàgì yẹn. Èmi ni mo gbé e lé ẹsẹ̀ kí Dádì tó mú un wọlé. Mo rí yín lórí ìkúnlẹ̀ láti inú mọ́tò."

Àdùfẹ́ jókòó sórí àga onírọ́bà.

"Dádì ní bí mo bá lanu, òun ò ní rán mi níléèwé mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Mo wá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ pé ọjọ́ tí mo bá dé ibi tí ọwọ́ wọn ò ti ní tó mi, màá kọ ọ́ sí gbogbo ẹbí, màá kọ ọ́ sí ìjọ. Ìdí tí mo fi mú ìwé mi wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín rán mi lọ."

"Inúmidùn, o ṣì lè sọ ọ́. Jọ̀ọ́. Nítorí Jọmílójú."

Inúmidùn lọ síbi ògiri, ó yọ fọ́tò tó wà níbẹ̀. Ó nu eruku rẹ̀, ó fi í sí báàgì rẹ̀ pẹ̀lú ìkejì.

"Abẹ́ òrùlé Dádì ni mo ṣì wà, Mọ́mì Jọmílójú," ló wí. "Èmi náà á dákẹ́. Ẹ ní sùúrù."

Ó jáde lọ.

Ẹ̀yin tí ẹnì kan ti fi ibi ṣe, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Àdùfẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì dárí ji Adékànmí títí di òní, n kò sì bá a wí fún ìyẹn. Ohun tí mo ń bá a wí ni ọjọ́ méje. Ó mọ ibi tí òkò rẹ̀ ń lọ, kò wo ẹni tó dúró lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí tó fi ọdún mẹ́jọ wá ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tó kí i, tó sì jókòó sórí àga onírọ́bà rẹ̀. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu.